Fíríìjì Músílíátù

Ọyẹ́ ti dé sí Àdẹ̀tà.
Eruku bo òrùlé páànù láti ìdájí,
ètè mi bẹ́ bí ilẹ̀ àkùrọ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn:
bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ni.
Mo jókòó ti ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà,
mo ń wo ilé oògùn Músílíátù ní òdìkejì títì.

Ikọ́ ló ń ṣáájú àwọn oníbàárà rẹ̀ wọlé.
Kó tó rí ojú wọn, ó ti mọ ẹni tó ń bọ̀:
èyí gbẹ háú, háú, ti Gàníyù alágbẹ̀dẹ ni;
èyí ń hó nínú àyà, ti arúgbó ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí.
Gàníyù ní kó bá òun bu kápúsù,
èyí tó pupa lápá kan, tó ṣe yẹ́lò lápá kejì.
Músílíátù ní rárá.
"Ọ̀fìnkìn kò bẹ̀rù kápúsù yẹn, bọ̀dá mi.
Ẹ mu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun,
ẹ fi òrí pa ihò imú yín.
Bó bá di ọjọ́ keje tí kò lọ, ẹ padà wá."
Gàníyù fi ìbínú jáde. Ta ní í lọ ilé oògùn
tí wọ́n ń ní kó lọ gbé omi kaná?
Lọ́jọ́ kejì mo rí i, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹwìrì,
ó ń fi òrí kun imú.

Ọmọ Ràmátù ńkọ́?
Wọ́n gbé e dé, wọ́n ní ibà lásán ni.
Músílíátù ní kó fi àgbọ̀n kan àyà.
Ọrùn ọmọ náà le gbagidi bí igi.
Kò ta oògùn kankan. Ó ti ilẹ̀kùn,
ó bá wọn kó sínú Màrúwá, ó di ọsibítù.
Títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ọmọ yẹn ń ru omi kọjá níwájú mi báyìí,
ó ń dà á sí ara bàtà.

Fíríìjì funfun kan wà ní kọ̀rọ̀ ilé oògùn náà.
Kò gba píọ́ wọ́tà, kò gba mínírà.
Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ẹran iléyá wá:
ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì gba ẹran.
Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á ti máa kùn
kí àwa tó rí ìṣáná.
Mo bi í. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà níbẹ̀,
pé ooru ní í bà á jẹ́.
Mo rò ó títí. Gbogbo wa ń sá fún òtútù,
à ń wọ kádígàn, à ń yáná lẹ́yìnkùlé,
ohun tí yóò gbà wá lọ́wọ́ ọyẹ́
ló jókòó sínú òtútù tó ju ọyẹ́ lọ.

Lọ́jọ́rú, ó sọdá wá bá mi.
"Bọ̀dá Ṣàríyù, ọdún kẹta rèé."
Mo ní, wo iṣẹ́ mi. Àárọ̀ dalẹ́,
ihò ni mò ń dí. Ìṣó á lu táyà, màá lẹ̀ ẹ́.
N ó wá jókòó kalẹ̀, kí ẹnìkan lu èmi náà?
Ó rẹ́rìn-ín. "Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fẹ́ sí táyà,
ṣé kì í ṣe ojú ihò ló ń gbà wọlé?"

N kò rí èsì. Mo nu gírísì ọwọ́ mi,
mo sọdá.
Bísímílà. Kò ju kí èèrà géni jẹ lọ.
Àwọn ọmọdé orí bẹ́ńṣì tẹjú mọ́ mi,
wọ́n ń dúró bóyá n ó sunkún.
Ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀. Ó kọ orúkọ mi sí káàdì,
ó ṣì í kọ, n kò sọ fún un.

Lóru, apá mi wúwo. Ọyẹ́ ń gbo fèrèsé.
Mo fọwọ́ pa ibẹ̀, mo ń wá ihò náà:
n kò rí nǹkan kan tí mo lè lẹ̀.
Ẹnìkan ń wúkọ́ nísàlẹ̀ àdúgbò,
jẹnẹrétọ̀ Músílíátù sì ń kùn.